Omakase ní Tokyo: kí la gbọ́dọ̀ ṣe ká tó jókòó síwájú alásè?

Àdùnní: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi àti ọkọ mi ń lọ sí Tokyo, a sì fẹ́ jẹ súṣì, ìyẹn ìrẹsì tí wọ́n gbé ẹja lé lórí, níbi káúńtà kékeré tí kì í gbà ju èèyàn mẹ́jọ lọ, níbi tí alásè fúnra rẹ̀ ti ń yan ohun tí oníbàárà máa jẹ. Omakase ni wọ́n ń pe irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀. Mùsùlùmí ni ọkọ mi, kì í fẹnu kan ọtí. Èmi ní tèmi, ara mi kì í gba edé àti akàn. Báwo la ṣe ń gba ààyè? Èló ni ká mú dání? Kí ni èèwọ̀ ibẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Délé: Ẹ má lọ láìgba ààyè sílẹ̀. Iye èèyàn tí alásè ń retí ló ń ra ẹja dè. Ẹni tí kò bá wá, ẹja tirẹ̀ ṣòfò nìyẹn. Ìdí rèé tí wọ́n fi ń gba nọ́ńbà káàdì sílẹ̀. Tí ẹ bá fagi lé e lọ́jọ́ náà gan-an, ọ̀pọ̀ wọn á yọ gbogbo owó oúnjẹ. Ẹ lè gba ààyè lórí ìkànnì Tabelog, TableCheck tàbí èyí tí òun náà ń jẹ́ Omakase, tàbí kí òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì yín bá yín pè wọ́n.

Oúnjẹ ọ̀sán sábà máa ń wà láàárín yen (owó Japan) 5,000 sí 15,000 fún ẹnì kan. Alẹ́ ní Ginza, àdúgbò olówó ní Tokyo, máa ń ju 20,000 lọ, ó sì lè kọjá 40,000. Ẹ wò ó bóyá owó orí 10% ti wà nínú rẹ̀, torí àwọn kan tún ń fi owó iṣẹ́ lé e. Ọjà ẹja Toyosu, tó rọ́pò Tsukiji lọ́dún 2018, kì í ná lọ́jọ́ Àìkú àti ọ̀pọ̀ Ọjọ́rú, nítorí náà ọ̀pọ̀ ilé súṣì máa ń tì lọ́jọ́ wọ̀nyẹn.

Ẹ má pẹ́. Gbogbo oníbàárà ni wọ́n jọ ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá pẹ́, ó ń da oúnjẹ gbogbo àwọn yòókù rú.

Alájá Rìsíkátù: Àdùnní ọmọ mi, ọ̀rọ̀ ọtí yẹn le ju bí o ṣe rò lọ. Kì í ṣe inú ife nìkan ló wà. Omi sóyà tí alásè ń fi búrọ́ọ̀ṣì pa lórí ẹja, nikiri ni wọ́n ń pè é. Sake àti mirin ni wọ́n sè mọ́ ọn, ọtí ìrẹsì sì ni méjèèjì. Ọbẹ̀ dídùn dúdú tí wọ́n ń fi pa anago, ẹja gígùn bí ejò, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹyin díndín tí wọ́n fi ń parí oúnjẹ máa ń ní mirin. Bí ìrẹsì bá pọ́n díẹ̀, fínígà akazu ló wà nínú rẹ̀, gèdẹ̀gẹ́dẹ̀ sake ni wọ́n sì fi ń ṣe é.

Wọ́n ti po fínígà mọ́ ìrẹsì kẹ́ ẹ tó dé, kò sẹ́ni tó lè yọ ọ́ mọ́. Nítorí náà, ìgbà tẹ́ ẹ bá ń gba ààyè ni kí o béèrè bóyá wọ́n lè fi iyọ̀ àti omi ọsàn kíkan rọ́pò nikiri. Ọ̀pọ̀ ilé kékeré á ní àwọn ò lè ṣe é, má bínú sí wọn, ilé tó ní ìwé ẹ̀rí halal ni kẹ́ ẹ wá lọ. Ti fínígà, kí ọkọ rẹ béèrè lọ́wọ́ ààfáà tó fọkàn tán.

Edé tún ńkọ́? Ẹyin díndín yẹn kan náà, ọ̀pọ̀ alásè àtijọ́ máa ń lọ edé mọ́ ọn. Orí edé sì lè wà nínú ọbẹ̀ miso, ọbẹ̀ ẹ̀wà sóyà wọn. Kọ ọ́ sínú ìwé ìgbààyè báyìí: *Ebi to kani no arerugii ga arimasu* (ara mi kì í gba edé àti akàn). Ọ̀bẹ kan náà àti ọwọ́ kan náà ló ń kan gbogbo ẹja. Bó bá jẹ́ irú èyí tó ń dí ọ̀nà ọ̀fun ni, má lọ rárá.

Bọ̀dé: Àǹtí Àdùnní, èèwọ̀ àkọ́kọ́ ni lọ́fínńdà. Yàrá náà kéré, òórùn ẹja sì rọra ni. Ti ẹnì kan ṣoṣo lè bo ti gbogbo èèyàn mọ́lẹ̀. Kí ẹ má fín tùràrí sáṣọ pẹ̀lú. Ẹ bọ́ aago àti òrùka, ẹ má gbé fóònù tàbí báàgì lé káúńtà. Igi hinoki tí wọn kò kùn ló sábà máa ń jẹ́, ó sì ń tètè ha.

Tí alásè bá gbé súṣì kalẹ̀, ẹ jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀, odindi lẹ́ẹ̀kan. Ìrẹsì náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara èèyàn, wọn kò sì tẹ̀ ẹ́ le. Tó bá pẹ́, á tutù, á sì wó. Èyí tí wọ́n fi nori wé kì í dúró rárá, torí ewé òkun yẹn á rọ̀, á wá máa fà lẹ́nu. Ọwọ́ lásán dára láti fi mú un. Tí wọ́n bá ti pa nikiri sí i, ẹ má tún tì í bọ sóyà. Bí wọ́n bá gbé sóyà fún yín, ẹja ni kẹ́ ẹ fi kàn án: tí ìrẹsì bá wọ inú rẹ̀, á fa iyọ̀ mu, á sì tú. Atalẹ̀, láàárín ẹja kan sí èkejì ni, kì í ṣe lórí ẹja. Bí ìrẹsì bá ti ń pọ̀ jù, ẹ sọ pé *shari sukuname*, á dín in kù.

Àdùnní: Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á san án fún yín. Alájá, mo gbọ́ yín dáadáa. Ẹja tí iná ò kàn ńkọ́? Kò léwu?

Fúnkẹ́ (nọ́ọ̀sì): Aràn kékeré kan wà tó ń jẹ́ anisakis. Ó máa ń wà lára saba, ẹja tí à ń pè ní títọ́ọ̀sì nílé, àti lára ika, ẹran omi tí òyìnbó ń pè ní squid. Fínígà, iyọ̀ àti wàsábì, èròjà títa tí wọ́n ń fi sí súṣì, kì í pa á. Yìnyín -20°C fún wákàtí 24 ló ń pa á, tàbí iná. Alásè tó mọṣẹ́ máa ń wò ó fínnífínní kó tó gé e, ṣùgbọ́n tí inú bá bẹ̀rẹ̀ sí í run yín gidigidi láàárín wákàtí bíi méjìlá, ẹ lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ ẹja tí ẹ jẹ. Dókítà lè fi ẹ̀rọ tín-ínrín yọ ọ́. Aboyún kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ̀yà tuna ńlá púpọ̀, nítorí mákúrì.

Délé: Mo gbàgbé èyí. Tí ẹyin díndín bá ti dé, oúnjẹ ti ń parí. Alásè á béèrè bóyá ẹ fẹ́ sí i. Owó ọ̀tọ̀ ni ìkọ̀ọ̀kan, kò sì sábà sí nínú iye tí ẹ rí tẹ́lẹ̀. Ẹ ní *okaikei onegaishimasu* láti béèrè owó. Ẹ má fi owó kankan lé e fún agbáwo, wọ́n á sá tẹ̀ lé yín láti dá a padà. Àwọn kan kì í gba káàdì, ẹ béèrè ṣáájú.