Eré sísá wo ló ń mú CRP wálẹ̀ fún ẹni tó sanra?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará, mo nílò ìmọ̀ràn. Kílò 104 ni mo wọ̀n. Dókítà ní CRP inú ẹ̀jẹ̀ mi ga, ìyẹn èròjà tó máa ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ tí iná ìwúlé (inflammation) bá wà nínú ara, pé ọ̀rá ikùn ló ń dá iná jẹ́jẹ́ yẹn sí mi lára. Ó ní kí n máa sáré kí n máa sinmi, kò sọ bí mo ṣe máa ṣe é.

Pápá ìṣeré Òṣogbo ni mo ń lọ ní ìdájí. Tí mo bá sáré ìṣẹ́jú 4, tí mo rọra rìn fún 3, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, mo ń gbádùn ẹ̀. Àmọ́ eré àsápajúdé ìṣẹ́jú àáyá 30 yẹn, orúnkún mi kọ̀ ọ́. Ìyá alákàrà tiẹ̀ bi mí lánàá pé ta ló ń lé mi!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é, èwo ló mú CRP yín wálẹ̀? Àbí ikùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fà ná?