Ọjọ́ ìbí lórí omi l'Ékòó: báwo la ṣe máa múra láti Ifẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Lágere
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin tó wà l'Ékòó máa pé àádọ́ta ọdún lóṣù tó ń bọ̀, kò fẹ́ gba họ́ọ̀lù, bóòtì ló ní òun máa háyà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. A máa wọ ọkọ̀ ní jẹ́tì Five Cowries ní Falomo, a máa kọ́kọ́ dúró ní etíkun Tarkwa Bay, lẹ́yìn náà ká lọ jẹun ní etíkun Ìlàṣẹ, ká tó padà. Èmi àti ọkọ mi ló pè, pẹ̀lú àwọn ìbejì wa tí wọ́n ti pé ọdún mẹ́jọ, àti ìyá ọkọ mi tí wọ́n ti lé ní àádọ́rin. Nínú gbogbo wa kò sẹ́ni tó wọ ọkọ̀ ojú omi rí, omi tí àwọn ọmọ mi mọ̀ ò ju ti Erin-Ìjẹ̀ṣà lọ. Aṣọ ẹbí ti wà nílẹ̀, léèsì àti gèlè. Màmá sì ti ń kìlọ̀ fún mi pé bí àwọn àna Àǹtí bá ṣe ń wọlé sínú ọkọ̀ kí n máa dìde kí n máa kúnlẹ̀ kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má baà sọ pé wọn ò kọ́ ìyàwó Ifẹ̀ nílé. Ẹ bá mi dá sí i o. Kí la máa wọ̀, kí la máa jẹ, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe lórí omi? Màmá ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ọmọ Ìlàjẹ ní Ifẹ̀
Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìmúra. Ọ̀rọ̀ kíkúnlẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú torí òun ló bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dìde kí ẹnikẹ́ni nínú bóòtì. Bóòtì tí wọ́n ń háyà bẹ́ẹ̀ ò tóbi tó bẹ́ẹ̀, bí èèyàn mẹ́rin márùn-ún bá dìde lẹ́ẹ̀kan náà tí gbogbo wọn sì kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọkọ̀ á tẹ̀ sápá ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀, omi lè wọlé. Orí ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti kí wọn tán. Ẹ tètè dé jẹ́tì, bí àwọn àna bá ṣe ń dé kẹ́ ẹ kúnlẹ̀, kí ọkọ yín dọ̀bálẹ̀, kí Màmá ki oríkì ẹni tó bá wù wọ́n, gbogbo rẹ̀ níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti wọnú ọkọ̀, ẹnu la fi ń kíni, kò sì sí àgbà etí omi tó máa bínú sí i.

Ohun kejì tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi yé Màmá kẹ́ ẹ tó kúrò ní Ifẹ̀ ni pé lórí omi, ẹni tó ń wa ọkọ̀ làgbà. Kápútéènì yẹn lè má ju ọmọ-ọmọ wọn lọ. Tó bá ní "Màmá ẹ bọ́ sáàárín", kì í ṣe àrífín rárá, ó ń wo bí ẹrù ṣe jókòó ni. Mo ti rí i tí bàbá kan tó jẹ́ olóyè ń bá ọmọ ọkọ̀ jà pé ẹ̀yìn ò yẹ òun, iwájú lòun máa jókòó, gbogbo wa sì dúró sójú kan lórí omi títí tí ìyàwó ẹ̀ fi bẹ̀ ẹ́. Iwájú yẹn gan-an ni kì í rọrùn fún àgbàlagbà, ibẹ̀ ló máa ń fò sókè tó máa ń já lulẹ̀ gbà-gbà tí ìgbì bá dé, ẹ̀yìn pátápátá sì nìyẹn, òórùn epo. Àárín ló dáa fún Màmá, kó súnmọ́ ẹ̀yìn díẹ̀.

Bí wọ́n bá fẹ́ wọlé, kí wọ́n má gbé báàgì kankan dání, kí ọmọ ọkọ̀ di ọwọ́ wọn mú, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan sí àárín ilẹ̀ ọkọ̀, kì í ṣe sí etí ẹ̀, kí ẹsẹ̀ kejì tẹ̀ lé e, kí wọ́n jókòó lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sẹ́ni tó ń fò wọ ọkọ̀.

Apá Ayétòrò ni wọ́n bí mi sí, ìlú táwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, tí òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ lọ báyìí. Àwa tá a dàgbà síbẹ̀ fẹ́ràn omi gan-an, a kì í sì í fojú di í.

Àdùkẹ́ Aránṣọ
Gèlè ò ṣeé wé lórí bóòtì tó ń sáré o, atẹ́gùn á ṣí i, ẹ̀yin náà á sì máa fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú nígbà tó yẹ kẹ́ ẹ di ìjókòó mú. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ wà lórí gbogbo aṣọ, kì í ṣe abẹ́ léèsì nítorí fọ́tò, okùn ẹ̀ gbogbo sì gbọ́dọ̀ wà ní dídì. Bùbá àti ìró tó gùn dé kókósẹ̀, tó bá rin, ó máa ń wúwo, ó sì máa ń lọ́ mọ́ ẹsẹ̀. Tó bá jẹ́ èmi, ṣòkòtò àti bùbá àdìrẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni mo máa wọ̀, kánfáàsì tàbí sálúbàtà tó ní okùn lẹ́yìn, kò gbọ́dọ̀ ní gíga kankan torí ilẹ̀ ọkọ̀ máa ń yọ̀. Kẹ́ ẹ wá di léèsì àti gèlè sínú náílọ́ọ̀nù méjì, ẹ wé e ní Ìlàṣẹ, kẹ́ ẹ ya gbogbo fọ́tò yín níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Lágere
Ẹ ṣeun gan-an. Àmọ́ báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún Àǹtí pé mi ò ní wọ aṣọ ẹbí wọ ọkọ̀? Wọ́n á ní ìyàwó ń pàṣẹ.

Dádì Tòlú
Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa sọ ọ́, ìyàwó ilé. Ọkọ yín ni kó pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Kó ní "Àǹtí mi, nítorí Màmá ni o, mo fẹ́ kí gbogbo wa wọ nǹkan fúyẹ́ lórí omi ká wá yí aṣọ padà ní Ìlàṣẹ". Tó bá ti dárúkọ Màmá, ọ̀rọ̀ parí.

Ṣùgbọ́n èmi ò rò pé ó yẹ kí Màmá lọ rárá. Ẹni àádọ́rin ọdún àti ẹ̀jẹ̀ ríru? Kí wọ́n dúró sílé Àǹtí, kẹ́ ẹ gbé oúnjẹ wá fún wọn.

Nọ́ọ̀sì, Iléṣà
Dádì Tòlú, mi ò fara mọ́ ọn. Ọjọ́ ìbí àádọ́ta ọdún ọmọ wọn ni. Ẹ sọ bí ọjọ́ náà ṣe máa rí fún wọn ní kedere, bí wọ́n ṣe ń wọlé, pé ọ̀pọ̀ bóòtì ò ní ilé ìtọ̀, pé oòrùn máa wà, kí Màmá fẹnu ara wọn sọ bóyá àwọn á lọ.

Ọ̀rọ̀ ìtọ̀ yẹn ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀. Nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, òmíràn wà tó máa ń jẹ́ kéèyàn tọ̀ léraléra, tí wọ́n sì máa ń ní kí wọ́n lò ó láàárọ̀. Ìyá Ìbejì, ẹ wo èyí tí Màmá ń lò báyìí, ẹ mú un lọ bá dókítà wọn ṣáájú ọjọ́ náà, kẹ́ ẹ bi í bóyá àwọn lè sún tọjọ́ yẹn síwájú di ìgbà tẹ́ ẹ bá dé Ìlàṣẹ. Ẹ má fúnra yín dá a dúró o. Ẹ sì ṣọ́ wọn, torí àwọn ìyá wa, tí wọ́n bá ti gbọ́ pé kò sí ibi ìtọ̀, wọ́n lè má fi omi kan ẹnu látàárọ̀, oòrùn orí omi sì ń ta síni lára láti òkè àti láti ìsàlẹ̀, òòyì á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn. Kí wọ́n máa mu omi díẹ̀díẹ̀. Kí wọ́n lo ilé ìtọ̀ ní jẹ́tì kí ọkọ̀ tó ṣí.

Ní ti èébì: ẹ má gbé ikùn òfìfo lọ, ẹ má sì jẹ ẹ̀bà ńlá láàárọ̀ yẹn, búrẹ́dì díẹ̀ àti tíì tó. Atalẹ̀ dáa ní jíjẹ lẹ́nu. Oògùn kan wà tó ń jẹ́ cinnarizine tí wọ́n máa ń lò ní bíi wákàtí méjì ṣáájú ìrìn àjò, ó lè mú oorun wá, kí Màmá má lò ó láìjẹ́ pé dókítà kan náà fọwọ́ sí i, ìwọ̀n tàwọn ọmọ sì yàtọ̀, ẹ bi apòògùn tó mọṣẹ́. Tí inú bá bẹ̀rẹ̀ sí í ru, kí wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, kí wọ́n máa wo ọ̀ọ́kán níbi tí ilẹ̀ wà lọ́hùn-ún.

Alájọ Mayfair
Mo gbé Èkó fún ọdún púpọ̀ kí n tó padà sílé, ẹ jẹ́ kí n sọ tàwọn nǹkan tí kò sẹ́ni tó máa ń rántí. Ẹ sùn l'Ékòó mọ́jú ọjọ́ náà. Ẹ má ní ẹ máa gbéra láti Ifẹ̀ láago mẹ́ta òru. Àárọ̀ ni omi máa ń rọ̀, tó bá di ọ̀sán atẹ́gùn òkun á dé, ìgbì á máa ga, torí náà ẹni tó bá fi ọkọ̀ dúró ní wákàtí kan, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló máa jìyà ẹ̀ nígbà ìpadàbọ̀. Kí Àǹtí ṣètò kí ọkọ̀ ti padà sí jẹ́tì kílẹ̀ tó ṣú, NIWA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìrìn àjò ojú omi, ò fẹ́ kí wọ́n máa kó èrò lálẹ́. Tójú ọ̀run bá ṣú láàárọ̀ tí kápútéènì ní òun ò lọ, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé "a ti sanwó".

Lẹ́yìn náà, náílọ́ọ̀nù. Ẹ má ju píọ̀ wọ́tà tàbí ewé mọ́ín-mọ́ín sómi. Ẹ́ńjìnì ẹ̀yìn bóòtì ń fa omi láti fi tu ara ẹ̀ ni, náílọ́ọ̀nù kan ṣoṣo tó bá dí ẹnu ibẹ̀, ẹ́ńjìnì á gbóná, á kú. Mo wà nínú ọkọ̀ tí èyí ṣẹlẹ̀ sí, ọmọ ọkọ̀ gbé ẹ́ńjìnì sókè, ó nà gbalaja sẹ́yìn, ó ń fi ọ̀bẹ gé náílọ́ọ̀nù àti koríko orí omi tó ti lọ́ mọ́ ọn, ìgbì ọkọ̀ ńlá tó ń bọ̀ láti Àpápá sì ń gbé wa sókè sódò. Ọ̀nà tiyín náà máa gba iwájú Àpápá yẹn. Ìgbì ọkọ̀ ńlá kì í dé kíákíá, ó máa ń dé lẹ́yìn tí ọkọ̀ náà bá ti kọjá, kẹ́ ẹ rántí kí àwọn ọmọ má dìde wò ó.

Ijó àti ináwó, ó di Ìlàṣẹ. Tẹ́ ẹ bá sì débẹ̀, inú àpòówé ni kẹ́ ẹ fowó sí kẹ́ ẹ fà á lé Àǹtí lọ́wọ́, torí òfin CBN ti 2007 ò gbà kéèyàn máa ná náírà lé ẹni tó ń jó lórí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dín orin kù lórí ọkọ̀, kápútéènì gbọ́dọ̀ gbọ́ fèrè ọkọ̀ míì. Tẹ́ ẹ bá ń kọjá lára àwọn apẹja, ẹ juwọ́ kí wọn, ẹ má kàn máa ká wọn sórí fóònù. Nígbà tẹ́ ẹ bá sọ̀kalẹ̀, ẹ fún kápútéènì àti ọmọ ọkọ̀ ní nǹkan, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, torí ọmọ ọkọ̀ ló máa di Màmá mú wọlé-jáde látàárọ̀.

Ọmọ Ìlàjẹ ní Ifẹ̀
Ẹ fi èyí kún un. Tarkwa Bay ní òkúta tí wọ́n tò dí ìgbì, omi ibẹ̀ rọ̀, àwọn ọmọ lè fẹsẹ̀ wọ̀ ọ́ tẹ́yin náà bá wà níbẹ̀. Ìlàṣẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Apá ọ̀sà tí ọkọ̀ máa gúnlẹ̀ sí dákẹ́, àmọ́ tẹ́ ẹ bá rìn dé apá kejì, òkun gidi nìyẹn, omi ibẹ̀ máa ń fa èèyàn wọlé. Kí ìbejì má wọ̀ ọ́, kódà dé orúnkún.

Ìyá Ìbejì, Lágere
Ọlọ́run á bù kún yín. Ọkọ mi ti pe Àǹtí, wọ́n ní kó sí wàhálà, àwọn á fi sórí WhatsApp pé kí gbogbo èèyàn yí aṣọ padà ní Ìlàṣẹ. Màmá ti gbọ́ tẹnu yín, wọ́n ní àwọn ń lọ, àwọn á sì jókòó síbi tí wọ́n bá fi àwọn sí. Ó ku ìbéèrè kan: ṣé láìfù jákẹ́ẹ̀tì àgbàlagbà lè gba ọmọ ọdún mẹ́jọ tí wọ́n bá fún un le dáadáa?

Ọmọ Ìlàjẹ ní Ifẹ̀
Rárá o, á yọ́ kúrò lọ́rùn wọn nínú omi. Ìwọ̀n kílò ara ni wọ́n máa ń kọ sínú ẹ̀, ẹ wọn àwọn ọmọ nílé, kí Àǹtí fi iye kílò wọn ránṣẹ́ sí ẹni tó ni bóòtì láti ìsinsìnyí. Ní jẹ́tì, tẹ́ ẹ bá ti di gbogbo okùn ẹ̀ tán, ẹ di èjìká ẹ̀ mú kẹ́ ẹ fà á sókè. Tó bá gòkè dé àgbọ̀n ọmọ, ó tóbi jù, kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé ẹsẹ̀ wọnú ọkọ̀. Ẹ ṣe bákan náà fún Màmá.