Ẹ gbà mí o, Sword of Kings kọ̀ kò jábọ́ nínú EarthBound

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ géèmù àtijọ́ dáadáa, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Inú Stonehenge Base, ibùdó àwọn ọ̀tá nínú géèmù EarthBound, ni mo há sí látọjọ́ mẹ́rin, ọ̀tá tó ń jẹ́ Starman Super ni mò ń pa ṣáá kí idà Sword of Kings lè jábọ́ lára ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré nínú 128 ló sì máa ń já. Mo ti pa tó 150, bírò ni mo fi ń sàmì ẹ̀ sẹ́yìn ìwé, mi ò tíì róhun tó jọ idà. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ohun ìjà gidi kan ṣoṣo tí Poo, ọ̀kan nínú àwọn tí mò ń fi jà, lè lò nìyẹn, àwọn yòókù ńṣe ni wọ́n ń dín agbára ẹ̀ kù, odidi ọmọọba Dalaam wá ń fọwọ́ lásán jà!

Tí mo bá sì lọ pa Starman Deluxe tó jẹ́ ọ̀gá wọn báyìí, gbogbo Starman Super á pòórá, ó parí nìyẹn. Lánàá, ọ̀tá mìíràn, Atomic Power Robot, bú gbàù bí mo ṣe pa á, nọ́ńbà ẹ̀mí Ness, olórí àwọn tí mò ń fi jà, bẹ̀rẹ̀ sí í yí wálẹ̀, ọpẹ́lọpẹ́ pé róbọ́ọ̀tì yẹn ló kẹ́yìn, ìjà parí, nọ́ńbà náà sì dúró lórí 6. Àyà mi já pàà.

Ṣé kí n máa wọlé jáde ní yàrá kan ṣoṣo kí wọ́n lè tún yọ, àbí kí n máa rìn káàkiri? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí i, báwo lẹ ṣe ṣe é? Ẹ má ṣáà ní kí n fi sílẹ̀ o, mi ò ní gbọ́.