Tí oníròyìn bá pàdé yín lónìí, kí lẹ máa sọ fún un: fíìmù, bọ́ọ̀lù àbí ẹranko?

Ọmọ Ìpakòdò: Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ra ìwé mẹ́ta lọ́wọ́ bàbá tó ń ta àlòkù ìwé ní Sábó, oníròyìn kan náà ló kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀kan dá lórí fíìmù, ọ̀kan bọ́ọ̀lù, ọ̀kan ẹranko. Kì í ṣe ìtàn àròsọ o, ohun tójú ẹ̀ rí ni. Ohun tó wù mí níbẹ̀ ni pé kì í dààmú àwọn gbajúmọ̀, ẹni tó ń gé koríko pápá àti ẹni tó ń gbálẹ̀ ilé ẹranko ló ń lọ jókòó tì. Tó bá wá dé Ìkòròdú níbí, tó dé Ẹ̀pẹ́, tó dé Àgbádárìgì, kí lẹ máa sọ fún un? Ẹ bẹ̀rẹ̀, màá sọ tèmi níkẹyìn.

Ìyá Ìbejì Agric: Èló ló tà á fún yín? Ọjà bàbá yẹn máa ń wọ́n jù.

Akin Ìjẹdẹ̀: Tèmi bọ́ọ̀lù ni. Ife Àgbáyé 1994, àwa àti Ítálì. Landlord wa gbé tẹlifíṣọ̀n síta, a lé ní ọgbọ̀n tá a rọ̀gbà yí i ká. Amuneke ti gbá tiwa wọlé tipẹ́, wọ́n tún ti lé Zola jáde, àwọn Ítálì ò pé mọ́, ó wá ku ìṣẹ́jú díẹ̀ báyìí kó parí, NEPA bá mú iná lọ. Ta ló fẹ́ dúró de iná? A ti wọ títì, orin ń lọ, ẹnì kan ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. A dé ọ̀dọ̀ màmá kan tó ń dín àkàrà, ó gbé rédíò kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada, kò tiẹ̀ wojú wa, ó yí àkàrà ẹ̀ lódì kejì, ó ní "ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, Baggio ti dá a padà o." Ibẹ̀ la dúró sí nínú èéfín títí Baggio fi tún gbá penárítì wọlé. Títí dòní, tí mo bá gbọ́ òórùn àkàrà nírọ̀lẹ́, inú mi máa ń bàjẹ́.

Lákẹ́ Ẹ̀bútẹ́: Irọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Iná wà lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ yẹn, ojú mi báyìí ni Baggio ṣe gbá a ní ìṣẹ́jú 88.

Akin Ìjẹdẹ̀: Ẹ̀bútẹ́ nìyẹn. Ìjẹdẹ̀ ni mo sọ.

Lákẹ́ Ẹ̀bútẹ́: Ìjẹdẹ̀ tí ilé iṣẹ́ iná Ẹgbin wà lẹ́yìnkùlé yín? 1,320 mẹgawáàtì, gbogbo Nàìjíríà ń lò ó, ẹ̀yin ẹ jókòó sínú òkùnkùn 😂

Akin Ìjẹdẹ̀: Ẹ má dá mi lóhùn. Wáyà ẹ̀ ń kọjá lórí òrùlé wa lọ síbòmíràn, ariwo ẹ̀ nìkan là ń gbọ́.

Sàámú: Tẹ́ ẹ bá ti ń sọ 1994, Yekini ni kẹ́ ẹ sọ. Bọ́ọ̀lù tí Amokachi fún un lọ́jọ́ Bulgaria tó fi di àwọ̀n mú tó ń sunkún.

Lákẹ́ Ẹ̀bútẹ́: Finidi ló fún un, ẹ̀gbọ́n. Amokachi gbá tiẹ̀ lọ́tọ̀.

Bọ̀dá Ìmọ̀tà: Ẹ fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Èmi ti kú rí. Wọ́n wá ya fíìmù lọ́nà Ìmọ̀tà, wọ́n ń wá ẹni tó máa ṣe òkú, wọ́n ní mo rí tẹ́ẹ́rẹ́, pé ó bá a mu. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n dà sí mi láyà, zóbò ni, wọ́n fi ṣúgà sè é títí tó fi ki. Ẹ ti mọ ibi tó ń lọ. Tanpẹ́pẹ́. Obìnrin tó ń ṣe ìyàwó mi ń sunkún lé mi lórí, ó tún ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé "bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má mira, ẹ̀ẹ̀mẹrin rèé." Mo fara dà á títí ọ̀kan fi wọ inú etí mi. Mo fò dìde! Àwọn ọmọdé tó ń wò wá láti ẹ̀yìn ọ̀pẹ, eré ni wọ́n bá sá dé ilé, wọ́n ní òkú ti jí. Dárẹ́kítọ̀ wá ń pariwo pé òkú kì í họra.

Ìyá Ìbejì Agric: Òkú kì í họra!!! Yéè, ẹ̀gbẹ́ mi.

Sàámú: Ẹ kú ìpadàbọ̀ o. Èló ni wọ́n san?

Bọ̀dá Ìmọ̀tà: Ráìsì. Wọ́n ní owó ń bọ̀. 2011 nìyẹn.

Alẹ́ja Ẹ̀pẹ́: Tẹranko ni tèmi o, kò pa yàn lẹ́rìn-ín. Bàbá mi máa ń dẹ pàkúté. Mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tó gbé akika kan wálé, ó ká ara ẹ̀ jọ kiribiti, àwọn ẹ̀gbọ́n mi bá ń yí i síra wọn bíi bọ́ọ̀lù. Lóru mo lọ yọjú sí i nínú agbọ̀n. Ó ń tú ara ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, imú ló kọ́kọ́ yọ, ìgbà tó tú tán ni mo rí i pé ọmọ ẹ̀ ló ká mọ́ ikùn látàárọ̀, ìpẹ́ ọmọ náà ò tíì le. Mo ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ajá ló jẹ̀bi, n ò sì lanu.

Sàámú: Ẹran ọbẹ̀ tó dùn báyẹn.

Lákẹ́ Ẹ̀bútẹ́: Sàámú, ẹ dákẹ́ ná. Láti 2016 tí àwọn ìjọba àgbáyé ti pàdé ní Johannesburg ni wọ́n ti fòfin de káràkátà ẹ̀ láti ìlú kan sí ìkejì, oríṣi mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ìpẹ́ yẹn ni wọ́n ń kó lọ sí Éṣíà fi ṣe oògùn, bẹ́ẹ̀ ohun tó wà nínú èékánná wa náà ló wà nínú ẹ̀.

Sàámú: Kí wọ́n wá máa ra èékánná mi.

Alàgbà Àgbádárìgì: Ẹ ṣọ́ra fún oníròyìn o. I.B. Thomas, tó ni ìwé ìròyìn Akéde Èkó, 1929, ṣebí òun ló ń gbé lẹ́tà obìnrin kan tó ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá jáde, táwọn èèyàn gbà pé obìnrin náà wà láyé. Òun fúnra ẹ̀ ló ń kọ ọ́!

Bọ̀dá Ìmọ̀tà: Baba, tanpẹ́pẹ́ tèmi ò ní àròsọ nínú.

Alẹ́ja Ẹ̀pẹ́: N ò sọ ti akika yẹn fún bàbá mi títí tó fi kú.

Ìyá Ìbejì Agric: Ọmọ Ìpakòdò, ẹ ò sọ iye ìwé, ẹ ò sì sọ ìtàn tiyín.

Ọmọ Ìpakòdò: 3,000 ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìtàn ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí iná dé, fóònù mi ti fẹ́ kú.

Lákẹ́ Ẹ̀bútẹ́: Ẹ ní kí Akin bá yín bẹ Ẹgbin.