Báwo lẹ ṣe pàdé Jane Austen? Ẹ wá sọ tiyín

Ìyá Ìbejì, Hampshire

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ gbọ́ bí kálukú yín ṣe pàdé obìnrin yìí, ará Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọ ìwé ìtàn àròsọ láyé àtijọ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe níbí. Lọ́dún àkọ́kọ́ tí mo dé, wọ́n fi mí sọ́dọ̀ màmá àgbà kan tí ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì. Bí wọ́n bá jẹun alẹ́ tán, wọ́n á ní kí n ka ìwé fún àwọn, Pride and Prejudice tí Jane kọ ni wọ́n sì máa ń nà sí mi. Lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ owó ni mo bá níbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Bingley, ń bọ̀ wá gbé àdúgbò. Kó tó dé rárá ni ìyá ọlọ́mọbìnrin márùn-ún ti mọ iye tó ń wọlé fún un lọ́dún, 4,000 pọ́n-ùn sí 5,000. Darcy ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní 10,000. Mo ní, hẹn, ìwádìí rèé.

Ọ̀rọ̀ ogún ló wá ká mi lára. Bàbá àwọn ọmọ náà ní ilé, ó ní ilẹ̀, 2,000 pọ́n-ùn sì ń wọlé fún un lọ́dún, ṣùgbọ́n bó bá kú, kò sí ọ̀kan nínú ọmọ márààrún tí yóò fọwọ́ kan ilẹ̀ náà, torí obìnrin ni wọ́n. Ìbátan kan tó jẹ́ ọkùnrin ni yóò kó gbogbo rẹ̀. Mo dá ìwé dúró. Mo ní, Màmá, níbi tí mo ti wá, a kì í ṣe ọmọ bẹ́ẹ̀. Mo ṣàlàyé ìdí-igi fún wọn, bí a ṣe ń pín ogún bàbá sí ojú ìyá kọ̀ọ̀kan, tí ọmọbìnrin náà ń mú tirẹ̀. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní ohun tó mú ìyá àwọn ọmọ yẹn máa wá ọkọ kiri fún wọn gan-an nìyẹn. Látọjọ́ náà ni n kò ti bá ẹnikẹ́ni fi Ìyáàfin Bennet rẹ́rìn-ín mọ́. Ẹ̀rù ló ń ba obìnrin náà.

Lẹ́yìn tí màmá fayé sílẹ̀, mo wọ rélùwéè lọ sí Alton, mo fẹsẹ̀ rìn dé Chawton, níbi tí ilé Jane wà. Bàbá Jane kú ní 1805, àwọn obìnrin ilé náà sì ń ti ibì kan ṣí lọ síbòmíràn títí di 1809, tí Edward ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi fún wọn níbẹ̀ gbé. (Edward yìí, ìbátan wọn olówó kan tí kò bímọ ló gbà á tọ́.) Mo rí aṣọ ìbora tí Jane, ìyá rẹ̀ àti Cassandra ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi àjákù aṣọ rán pọ̀, ègé kan tẹ̀ lé òmíràn. Mo rí tábìlì tó fi ń kọ̀wé. Ẹ̀yin ará, tábìlì yẹn kéré! Ẹ̀gbẹ́ méjìlá ló ní, bí ẹ bá gbé ife tíì méjì àti àwo kan lé e, ó kún. Ilé yẹn ló wà nígbà tí Sense and Sensibility jáde ní 1811 láìsí orúkọ rẹ̀ lára ìwé, àfi pé ìyáàfin kan ló kọ ọ́. Pride and Prejudice tó jáde ní 1813, 110 pọ́n-ùn ló ta gbogbo ẹ̀tọ́ orí ìwé náà. Mo dúró ti tábìlì náà pẹ́ títí ẹni tó ń ṣọ́ yàrá fi bi mí bóyá mo fẹ́ jókòó.

Tíṣà, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun, ìyá wa. Tèmi kò dùn níbẹ̀rẹ̀. Mansfield Park ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Olówó ilé náà, Sir Thomas, ní oko ní Antigua, ẹ sì mọ àwọn tó ń ro irú oko bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Fanny, ọmọ ìbátan tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn, bi í léèrè nípa òwò ẹrú, gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Mo pa ìwé náà dé, ọdún méjì ni n kò fi ṣí i.

Persuasion ló mú mi padà. Wentworth, ọ̀gá ọkọ̀ ogun inú ìwé náà, kò ní kọ́bọ̀ nígbà tó kọ́kọ́ fẹ́ ọmọbìnrin kan tí wọ́n sì kọ̀ ọ́. Ọkọ̀ ọ̀tá tó ń gbà lójú òkun ló sọ ọ́ di olówó. Jane mọ ohun tó ń sọ, torí iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi ni Francis ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti Charles àbúrò rẹ̀ ń ṣe. Ibi tí mo ti ń kà á ni ọkàn mi ti lọ sọ́dọ̀ Àjàyí Crowther. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú ní 1807, wọ́n sì rán ọkọ̀ ogun wá sí etíkun wa. Ní 1821 ni wọ́n kó Àjàyí ní Ọ̀ṣoògùn. Ní oṣù kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun Myrmidon gba ọkọ̀ Potogí tí wọ́n dè é sí, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Jane kú ní 1817. Kò tíì pé ọdún márùn-ún. Irú àwọn ọ̀gá ọkọ̀ tó ń jókòó sí pálọ̀ nínú ìwé rẹ̀, tó ń jó, tó ń wá ìyàwó, irú wọn ló yọ Àjàyí, ẹni tó ṣe ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, kúrò nínú ìdè. Mo ti sọ èyí fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ọ̀kan bi mí pé, tíṣà, ṣé ìgbà kan náà ni gbogbo rẹ̀? Ìgbà kan náà ni. Mo wá padà sí Mansfield Park, ìdákẹ́jẹ́ inú rẹ̀ sì wá ń sọ̀rọ̀ sí mi.

Télọ̀, Bristol

Èmi ò kàwé kankan kí n tó pàdé rẹ̀ o. Aṣọ ló mú mi débẹ̀. Oníbàárà kan fẹ́ aṣọ tí yóò wọ̀ lọ sí àjọ̀dún Jane Austen tí wọ́n ń ṣe ní ìlú Bath lóṣù kẹsàn-án, tí ogunlọ́gọ̀ èèyàn ń fi aṣọ ayé ìgbà yẹn rìn lójú pópó. Ìbàdí aṣọ náà ga dé abẹ́ ọmú, ìyókù wá bọ́ lulẹ̀ wọ̀ọ̀. Tí aṣọ bá nípọn, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, Íńdíà ni wọ́n sì ti ń kó èyí tó dára jù nígbà náà. Oníbàárà mi ní kí n ka Northanger Abbey. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀, Henry Tilney, tó mọ aṣọ! Ó ra ti Íńdíà gidi fún àbúrò rẹ̀ ní ṣílè márùn-ún lọ́pá kan, ó sì wo aṣọ ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń jó, ó ní kò dájú pé yóò ṣeé fọ̀. Mo ní, òǹkọ̀wé yìí ti fọwọ́ ara rẹ̀ mú abẹ́rẹ́ rí. Mo ti ka ìwé Jane mẹ́fẹ̀ẹ̀fà báyìí, mo sì ti rán aṣọ mọ́kànlá.

Ìyá Ìbejì, Hampshire

Tíṣà, ọ̀rọ̀ Àjàyí yẹn kò jẹ́ kí n sùn. Mo ti lọ yá Persuasion ní láíbìrì. Lọ́jọ́ Sátidé mo dé ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Winchester, níbi tí wọ́n sin Jane sí ní ẹni ọdún 41. Ilẹ̀ ni òkúta sàréè rẹ̀ wà, èèyàn lè tẹ̀ ẹ́ kọjá láìmọ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ní ìwà pẹ̀lẹ́, pé ọpọlọ rẹ̀ pé, wọn ò sọ pé ó kọ ìwé kankan. Ní 1872 ni wọ́n tó fi idẹ kan sára ògiri nítòsí tó mẹ́nu kan ìwé rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo kà á tán, mo sì dárúkọ màmá mi àgbà níbẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́.

Télọ̀, ẹ dákun, èló lẹ ń rán an? Mo fẹ́ lọ sí Bath lóṣù kẹsàn-án.