Motorhome lọ sí Skọ́tlándì: kí ni ká kọ́kọ́ mójú tó?

Ìyá Ìbejì (Leeds): Ẹ kú déédéé àsìkò yìí o, ọmọ Ajílété. Èmi àti ọkọ mi fẹ́ háyà motorhome, mọ́tò tí bẹ́ẹ̀dì àti ilé ìdáná wà nínú ẹ̀, nígbà hólídè àwọn ọmọ. Ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní NC500 la fẹ́ gbà, láti Inverness yí òkè Skọ́tlándì ká. Màmá mi ń bọ̀ láti Ìsàlẹ̀ Àfọ̀n, wọ́n máa bá wa lọ. A ò wa irú ẹ̀ rí. Ẹ gbà wá nímọ̀ràn.

Ẹ̀gbọ́n Àkànní (Tákíé, Ògbómọ̀ṣọ́): Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́. Mo wa irú mọ́tò yẹn dáadáa kí n tó kó wálé. Wọ́n á máa sọ ibi tó rẹwà fún yín. Ọ̀rọ̀ ẹrù ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú.

Ẹni tó bá yege ìdánwò ìwakọ̀ ní Ìlú Ọba láti oṣù kìíní ọdún 1997, kílò 3,500 ni láísẹ́ǹsì ẹ̀ mọ, mọ́tò àti gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ motorhome fi dúró sí 3,500 gẹ́lẹ́. Ká ní ó ti wọn 3,050 lófìfo, ó ku 450. Wọ́n sábà máa ń ti ka awakọ̀ àti epo mọ́ òfìfo yẹn. Ẹ̀yin àti Màmá, ẹ fi sí 140. Àwọn ìbejì, 50. Líta omi kan, kílò kan ni, tánkì líta 100 ti kó 100 lọ. Ó ku 160 fún gáàsì, aṣọ, oúnjẹ, kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ, àti ohun tí Màmá máa gbé bọ̀. Ẹ sì mọ̀ pé ẹni tí ìlú ẹ̀ ń jẹ ọkà kó tó mu ẹ̀kọ yangan kì í gbé ẹ̀lùbọ́ kékeré.

Torí náà, ẹ má rọ omi kún tánkì láti ilé. Ìwọ̀nba tí ẹ máa lò lójú ọ̀nà ti tó, ibi tí ẹ bá sùn lẹ ti máa rọ ọ́ kún. Bí ẹ bá di ẹrù tán, ẹ wa mọ́tò náà gun òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ọkọ̀, owó ẹ̀ ò pọ̀. Bí wọ́n ṣe ń di ẹrù lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ níbí, tí wọ́n á tún so ewúrẹ́ mọ́ ọn lórí, ọlọ́pàá ọ̀hún ò ní bá yín ṣeré.

Ilẹ̀ ni kí ohun tó wúwo wà, láàárín táyà iwájú àti tẹ̀yìn. Bí ẹ bá kó ìrẹsì àti kẹ́ẹ̀gì òróró sí ìdí mọ́tò pátápátá, iwájú á fúyẹ́, ẹ ó máa yí sítíárìn, kò ní fẹ́ gbọ́. Aṣọ àti búrẹ́dì ni kó wà lókè.

Àdùkẹ́ (Glasgow): Ẹ ka bẹ́líìtì, ẹ má ka bẹ́ẹ̀dì o. Mọ́tò tó ń gba èèyàn mẹ́fà sùn lè má ní ju ìjókòó mẹ́rin tó ní bẹ́líìtì.

Ọ̀pọ̀ ibi lójú ọ̀nà yẹn, mọ́tò kan ṣoṣo ló lè gbà á. Wọ́n la àyè ìyàsí sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ẹni ẹ̀yìn bá ń kánjú, ẹ yà fún un. Ẹ má gun Bealach na Bà, òkè tí wọ́n ń gbà lọ Applecross. Mítà 626 ló ga, ó rí kọ́lọkọ̀lọ, pátákó sì ti kìlọ̀ fún ọkọ̀ ńlá nísàlẹ̀ ẹ̀. Ẹ gba Shieldaig, etí òkun. Òfin tó ní kéèyàn pàgọ́ síbi tó bá wù ú ní Skọ́tlándì, kò kan mọ́tò, ẹ tètè gba àyè sílẹ̀ níbùdó.

Ìyá Ìbejì: Oúnjẹ ńkọ́? Màmá ò ní jẹ búrẹ́dì tọ̀sán tòru.

Àdùkẹ́: Ilé ni kí ẹ ti din ata, kẹ́ ẹ bù ú sínú ike, kó dì nínú fíríìsà. Bí ẹ bá dín in nínú mọ́tò, pílò á ṣì máa ta yín nímú lọ́jọ́ kejì. Ọkà ò le: ìkòkò kan, orógùn kan. Ẹ ṣí fèrèsé bí ẹ bá ti tan gáàsì, ẹ má sì fi sítóòfù yáná tí òtútù bá mú. Èéfín tí kò lóòórùn yẹn ń pààyàn. Áńpù 10 péré ni iná àwọn ibùdó míì, kẹ́tùrù ilé tó ń jẹ wáàtì 3,000 á já a. Ẹ ra kékeré.

Ẹ̀gbọ́n Àkànní: Ẹ kọ gíga mọ́tò náà síwájú awakọ̀, torí Google Maps ò mọ afárá tí ẹ ò lè gba abẹ́ ẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin lára táyà: 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 nìyẹn. Mọ́tò tó ń dúró sójú kan, táyà ẹ̀ máa ń gbó kójú ẹ̀ tó jẹ. Àwọn tó ń ta tòkunbọ̀ níbí ò fẹ́ ká mọ̀ ọ́n kà.

Ìyá Ìbejì: Mo ti pe wọ́n níbi tá a ti háyà. Ìjókòó mẹ́rin ló ní bẹ́líìtì, àwa márùn-ún.

Ẹ̀gbọ́n Àkànní: Ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n bí èyí tí wọ́n fẹ́ fún yín ṣe wúwo tó lófìfo, torí mọ́tò tó bá tóbi sí i, ẹrù tí òfin jẹ́ kẹ́ ẹ kó sínú ẹ̀ lè dín.