Ìbéèrè ìmọ̀ràn: Níbo ni a ti ń rí sikọ́láṣíìpù fún ọmọ wa tí a bí sí Amẹ́ríkà?

Màmá Àbíkẹ́:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi nínú ẹgbẹ́ yìí, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá yìí ti gba oorun lójú mi. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ ọ̀nà tí a lè gbà, kí ó má ṣe fi pamọ́ fún mi. Ọmọbìnrin mi wà ní kíláàsì kejìlá, ọmọ tí kì í fi ìwé ṣeré ni, ilẹ̀ Amẹ́ríkà yìí ni mo sì bí i sí. Yunifásítì aládàáni tó wù ú ti gbà á, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi ìwé owó ránṣẹ́, mo kà á, mo tún un kà, n kò rí nǹkan kan níbẹ̀ ju pé kí a lọ yáwó. Wọ́n ní owó tó ń wọlé fún wa pọ̀ ju ti ẹni tí ìjọba ń ràn lọ́wọ́. Owó wo? Èmi tí mo ń tọ́jú àwọn arúgbó lóru ní ilé ìtọ́jú, tí mo tún ń lọ síbi iṣẹ́ mìíràn ní òpin ọ̀sẹ̀!

Ohun tó dùn mí jù ni ti ọkùnrin kan tí wọ́n júwe fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, pé ó mọ bí a ṣe ń wá sikọ́láṣíìpù àwọn aláwọ̀ dúdú. Ó gbowó lọ́wọ́ mi, ó ní ó dájú pé ọmọ náà yóò rí i gbà, ó sì gba nọ́ńbà Social Security rẹ̀, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba fún un, pẹ̀lú. Láti ìgbà náà, bí mo bá pè é, kì í gbé fóònù. Olùdámọ̀ràn ilé ìwé rẹ̀ náà kì í sọ ju pé kí a lọ wo íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ẹbí ọkọ mi ní Nàìjíríà tún ń pè mí, wọ́n ń béèrè ohun tó mú kí ọmọ Amẹ́ríkà máa wá owó ilé ìwé, nítorí wọ́n rò pé ọ̀fẹ́ ni. FAFSA tí wọ́n ní kí a kọ, ìyẹn fọ́ọ̀mù ìjọba àpapọ̀ tí a fi ń béèrè ìrànwọ́ owó ilé ìwé, a kọ ọ́. Kódà mo bẹ bàbá rẹ̀ títí lórí fóònù kí ó tó wọlé lọ fọwọ́ sí apá tirẹ̀. Kí ni kí n tún ṣe? Ṣé lóòótọ́ ni pé sikọ́láṣíìpù tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú ti tán nílẹ̀?

Ìyá Ìbejì:
Màmá Àbíkẹ́, ẹ má bínú sí mi, ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn ni kí a kọ́kọ́ mú. Kò sí sikọ́láṣíìpù tòótọ́ tí ẹnìkan lè fọwọ́ sọ̀yà pé ọmọ yóò gbà kí àwọn tó ni ín tó yẹ ìwé rẹ̀ wò. FTC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ti ń kìlọ̀ èyí tipẹ́, pé ẹni tó bá gbowó tó sì ṣèlérí pé ó dájú, kí a sá fún un. FAFSA fúnra rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Báwo ni ẹ ṣe wá mú nọ́ńbà ọmọ lé àjèjì lọ́wọ́? Lónìí gan-an, ẹ kàn sí Equifax, Experian àti TransUnion, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ìyáwó àwọn ènìyàn, kí wọ́n ti àkọsílẹ̀ ìyáwó ọmọ náà pa, kí ẹlòmíràn má baà fi orúkọ rẹ̀ jẹ gbèsè. Wọn kì í gba owó fún un.

Bọ̀dá Silver Spring:
Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ kí a rọra bá wọn sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti sọ̀rọ̀ púpọ̀, síbẹ̀ ẹ kò tíì sọ ohun tí a lè fi ràn yín lọ́wọ́. Ìpínlẹ̀ wo ni ẹ ń gbé? Kí ni GPA ọmọ náà, ìyẹn ìpíndọ́gba máàkì rẹ̀? Kí ni SAI tó jáde nígbà tí ẹ parí FAFSA, ìyẹn nọ́ńbà tí ilé ìwé fi ń díwọ̀n agbára ìdílé láti sanwó? Èèyàn mélòó ni ẹ jọ ń gbé inú ilé?

Sikọ́láṣíìpù kò tán nílẹ̀, àkókò èyí tó tóbi jù nínú wọn ló ti kọjá fún ọdún yìí. Ètò Ron Brown, tó ti wà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú láti 1996, ń fún ọmọ kan ní 40,000 dọ́là láàárín ọdún 4, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá sì ni wọ́n máa ń parí ìgbàwé. Jackie Robinson Foundation, tí Rachel Robinson dá sílẹ̀ ní 1973 ní ìrántí ọkọ rẹ̀, ń fúnni ní tó 35,000 dọ́là láàárín ọdún 4. Tirẹ̀ máa ń parí ní oṣù Kìíní. Gates Scholarship máa ń tìlẹ̀kùn ní agbedeméjì oṣù Kẹsàn-án, kò sì gba ẹni tí kò bá lẹ́tọ̀ọ́ sí Pell Grant, owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí owó ìdílé rẹ̀ kéré. Láti kíláàsì kọkànlá ni a ti ń múra sílẹ̀ fún irú wọn.

Àǹtí Houston:
Ọ̀rọ̀ yìí rán mi létí ọdún tí àkọ́bí mi ń wọ yunifásítì. Àwa náà ń lé èyí tí gbogbo Amẹ́ríkà ń lé, kò sì sí ìkankan tó bọ́ sí wa lọ́wọ́. Àwọn ìyá aláwọ̀ dúdú àdúgbò wa, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Delta Sigma Theta àti Alpha Kappa Alpha, ni wọ́n pe ọmọ náà jókòó, wọ́n ka àròkọ rẹ̀, wọ́n ní kò tíì sọ nǹkan kan nípa ara rẹ̀, wọ́n sì ní kí ó lọ tún un kọ. Nígbà tó yá, ẹ̀ka ẹgbẹ́ wọn fún un ní owó, ṣọ́ọ̀ṣì Baptist tó wà lẹ́bàá ilé wa fi díẹ̀ kún un, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí ọkọ mi ń tọ́jú owó sí náà fi tirẹ̀ sí i. Kò sí èyí tó pọ̀ nínú wọn bí a bá mú un lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n àwọn tó ń du owó àdúgbò kì í pọ̀, oṣù Kẹta àti Kẹrin sì ni púpọ̀ nínú wọn máa ń gba ìwé. Yunifásítì Prairie View A&M ló lọ, ó ti di ẹnjiníà báyìí. Kí ọmọ yín lọ bá àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọmọ ni wọ́n fẹ́ rí, wọn kò fẹ́ rí ìyá rẹ̀.

Alàgbà Olùkọ́:
Mo fẹ́ béèrè ohun kan, kí ẹ má sì ṣe rò pé mo kórìíra ọmọ wa. Nígbà tí Frederick Patterson kó àwọn ilé ìwé jọ láti dá UNCF, àjọ tó ń wá owó fún àwọn yunifásítì aláwọ̀ dúdú, sílẹ̀ ní 1944, òfin ṣì ń lé àwọn aláwọ̀ dúdú kúrò ní ẹnu ọ̀nà yunifásítì ní gúúsù Amẹ́ríkà. Ìyà àwọn tí baba ńlá wọn jẹ́ ẹrú níbí ló bí irú owó bẹ́ẹ̀. Ní 2004, Lani Guinier àti Henry Louis Gates, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n aláwọ̀ dúdú ní Harvard, pe àkíyèsí pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú tó wà ní Harvard jẹ́ ọmọ àwọn tó ṣí wá láti Áfíríkà àti erékùṣù Káríbíánì. Wọ́n fojú bù ú pé ó lè tó ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ṣé ó tọ́ kí àwa tí a fi ẹsẹ̀ ara wa wá máa bá àwọn onílé du ohun ìní wọn?

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Alàgbà, mo bọ̀wọ̀ fún yín, n kò sì gbà. Ẹni tó gbé owó kalẹ̀ ló ń kọ ohun tó fẹ́. Nígbà tí yunifásítì Georgetown fẹ́ ṣe ohun kan fún àtọmọdọ́mọ àwọn ẹrú 272 tí àwọn Jesuit, àlùfáà Kátólíìkì tó ni ilé ìwé náà, tà ní 1838, wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní pàtó. Bí ètò mìíràn bá kọ ọ́ pé aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè yìí, Àbíkẹ́ wà nínú rẹ̀. Kí FAFSA ṣáà ti wà nílẹ̀ ni kí ìyá rẹ̀ rí sí.

Alàgbà Olùkọ́:
N kò sọ pé kí ó má ṣe wọ̀ ọ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ó kọ ìtàn ara rẹ̀ sínú àròkọ, ìtàn ọmọ Yorùbá tí ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ òru, kí ó má ṣe gbé ìtàn ìyà ẹlòmíràn wọ̀. Mo ti ka irú àròkọ bẹ́ẹ̀ rí, inú mi kò sì dùn sí i.

Ìyá Ìbejì:
Ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹ kò ka ìwé ìyá náà tán. Wọ́n ti kọ FAFSA.

Màmá Àbíkẹ́:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Maryland ni a wà. GPA rẹ̀ jẹ́ 3.8, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ìṣirò ní ilé ìkàwé lọ́jọ́ Sátidé. Ní ti ọkùnrin yẹn, ìyá ìjọ ni ó júwe rẹ̀ fún mi, ẹni tí n kò lè bá jiyàn, nítorí náà kí a fi ìyẹn sílẹ̀. N kò fẹ́ kí ọmọ mi lọ sí ilé ìwé tí kò wù ú nítorí pé kò sí owó; ó ti jìyà fún ohun tó fẹ́.

Àbúrò Nọ́ọ̀sì:
Ẹ̀gbọ́n, bó bá jẹ́ Maryland ni, ọ̀nà pọ̀ tí ẹ kò tíì tẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ wa, sẹ́nétọ̀ àti àwọn aṣojú ní ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ní owó sikọ́láṣíìpù tí wọ́n ń pín fún ọmọ àgbègbè wọn. Ẹ wá orúkọ sẹ́nétọ̀ kan àti àwọn aṣojú tó ń ṣojú àdírẹ́sì yín, kí ọmọ kọ̀wé sí ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan, nítorí ọ̀nà tí olúkúlùkù fi ń pín tirẹ̀ lè yàtọ̀. Èmi gbà á nígbà tí mò ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, n kò sì tíì gbọ́ nípa rẹ̀ rí kí ẹnìkan níbi iṣẹ́ tó sọ fún mi. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe òpin FAFSA fún owó ìpínlẹ̀, nítorí náà ẹ má fi falẹ̀.

Ẹ béèrè pé bóyá ti aláwọ̀ dúdú ti tán nílẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ yìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Yunifásítì Maryland ní College Park ní sikọ́láṣíìpù kan tí wọ́n fi sọrí Benjamin Banneker, aláwọ̀ dúdú onímọ̀ ìràwọ̀. Ilé ẹjọ́ sọ ní 1994 pé wọn kò gbọdọ̀ yà á sọ́tọ̀ fún aláwọ̀ dúdú nìkan, Banneker/Key tó ṣí fún gbogbo ènìyàn ni ó dà. Lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ dájọ́ ní oṣù Kẹfà 2023 pé kí yunifásítì má ṣe fi ẹ̀yà gba ọmọ wọlé mọ́, ọ̀pọ̀ yunifásítì mìíràn yí ti wọn padà. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn yunifásítì tí a dá sílẹ̀ fún aláwọ̀ dúdú ní ìpínlẹ̀ wa: Morgan State, Bowie State, Coppin State àti UMES (University of Maryland Eastern Shore). Ní 2021, ìpínlẹ̀ gbà láti san mílíọ̀nù 577 dọ́là fún àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láàárín ọdún 10, láti parí ẹjọ́ tí wọ́n ti ń ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún, sikọ́láṣíìpù sì wà lára ohun tí wọ́n ń fi owó náà ṣe. Láti 2017 ni òfin ìpínlẹ̀ wa tún ti kọ̀ fún yunifásítì ìjọba láti gé ìrànwọ́ tirẹ̀ kù nítorí pé ọmọ rí sikọ́láṣíìpù níta, àfi ní àwọn ipò kan tí òfin náà là sílẹ̀. Ilé ìwé aládàáni kò sí lábẹ́ òfin yẹn.

Bọ̀dá Silver Spring:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kò tíì dáhùn ìbéèrè mi nípa SAI àti àwọn tó wà nínú ilé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú, báwo ni owó yín ṣe pọ̀ jù fún Pell? Ẹ sì sọ pé orí fóònù ni ẹ ti bẹ bàbá rẹ̀ kí ó tó fọwọ́ sí i. Ẹ jọ̀wọ́, n kò fẹ́ tọ pinpin. Ṣé ẹ jọ ń gbé ni?

Màmá Àbíkẹ́:
Àbúrò mi, ìyẹn kọ́ ni mo gbé wá. Bàbá Àbíkẹ́ wà ní Georgia. Iṣẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù gbé e lọ, lẹ́yìn náà ó gbalé síbẹ̀, kò sì tún fi bẹ́ẹ̀ wálé mọ́. Mo mọ̀ pé kò dá gbé níbẹ̀. Ọjọ́ Kérésìmesì ló máa ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí ọmọ. Ilé, oúnjẹ, aṣọ, ìbánigbófò, èmi ni. Ṣùgbọ́n ọkọ mi ni, a kò kọ ara wa sílẹ̀, òun sì ni olórí ilé. Mo kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù pé a wà papọ̀, nítorí n kò lè fọwọ́ ara mi kọ ọ́ sí ìwé ìjọba pé n kò lọ́kọ. Owó tirẹ̀ pọ̀ ju tèmi lọ ní ìlọ́po.

Bọ̀dá Silver Spring:
Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá. Kò dìgbà tí ilé ẹjọ́ bá tú ìgbéyàwó ká. Bí tọkọtìyàwó bá ti pínyà, tí olúkúlùkù sì ń gbé ilé tirẹ̀, FAFSA kà wọ́n sí ẹni tó pínyà, kódà bí kò sí ìwé kankan. Láti ọdún ẹ̀kọ́ 2024 sí 2025 wá, òbí tó náwó lórí ọmọ jù láàárín oṣù 12 tó kọjá nìkan ni yóò kọ owó tó ń wọlé fún un. Ẹ̀yin nìyẹn. Owó bàbá kò ní sí nínú ìṣirò mọ́, SAI yóò sì wálẹ̀. Pell lè tó 7,395 dọ́là nínú ètò 2025 sí 2026, owó ìpínlẹ̀ fún àwọn tí owó wọn kéré sì ń tẹ̀ lé e. Wọn kì í dá Pell padà bí ẹni dá gbèsè.

Àǹtí Houston:
Kí ẹ tó yọ̀ ju, ẹ wò ó bóyá ilé ìwé aládàáni yẹn ń lo CSS Profile, fọ́ọ̀mù mìíràn tí àwọn ilé ìwé kan fi ń díwọ̀n owó ìdílé yàtọ̀ sí FAFSA. Àwọn kan nínú àwọn tó ń lò ó máa ń béèrè owó òbí kejì, yálà ẹ jọ ń gbé tàbí ẹ kò jọ gbé. Wọ́n lè yọ̀ǹda rẹ̀ bí bàbá kò bá dá sí ìtọ́jú ọmọ, ṣùgbọ́n wọ́n á fẹ́ ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, bíi pásítọ̀ tàbí olùdámọ̀ràn ilé ìwé. Ẹ má sì gba yíyá PLUS tí wọ́n fi lọ̀ yín; orúkọ òbí ni gbèsè yẹn máa ń wà.

Màmá Àbíkẹ́:
Ṣé bí mo bá yí i padà, ìwé náà lè dé ibi tí yóò fi dà bí ẹni pé mo ti kọ ọkọ mi? Ẹbí rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbọ́.

Ìyá Ìbejì:
Ìwé ẹ̀kọ́ ni, kò tú ìgbéyàwó ká, wọn kì í sì í fi han ẹbí. Òtítọ́ bí ilé yín ṣe rí ní ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́ ni wọ́n ń béèrè.

Bọ̀dá Silver Spring:
Ẹ pe ọ́fíìsì ìrànwọ́ owó ilé ìwé tó gbà á lọ́la, ẹ sọ fún wọn pé ipò ìgbéyàwó tí ẹ kọ kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, kí ẹ sì béèrè ẹ̀rí tí wọ́n fẹ́: ìwé owó ilé, ìwé iná, ìwé owó orí tiyín. Ẹ fi orúkọ Morgan State àti Bowie State kún FAFSA náà bí ọmọ bá gbà. Ohun kan ṣẹ́kù tí n kò lè fi pamọ́. Fọ́ọ̀mù ọmọ ni. Àbíkẹ́ ni yóò wọlé láti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe náà, òun ni yóò sì fọwọ́ sí i.

Màmá Àbíkẹ́:
Iṣẹ́ ni mo sọ fún un pé ó gbé bàbá rẹ̀ lọ. Màá bá a jókòó lálẹ́ òní kí n tó lọ síbi iṣẹ́.